Kí Mùsùlùmí Tó Kẹ̀yìn sí Ọjà Ọlọ́jà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Adẹ́dàá, Ẹni tí ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ tí ó sì ṣe èlé ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀, Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di Ọjọ́ Ìgbẹ̀yìn.

Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Gásà, kò sí ìlú tí ẹ̀rọ fóònù wọ̀ tí orúkọ àwọn ọjà tí wọ́n ní kí Mùsùlùmí má rà mọ́ kò dé. Ọ̀dọ́ kan yóò gba orúkọ ogún ọjà lórí WhatsApp ní òwúrọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, yóò ti fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ìwòyè-Kétu ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n kò yọ sílẹ̀ nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bá ibodè ni ó wà. Ọkàn Mùsùlùmí kò gbọdọ̀ yigbì sí ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé àti àwọn obìnrin tí wọ́n ta sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ irú rẹ̀ tí kò dùn ún, kí ó yẹ ìgbàgbọ́ rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wí pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí bi ara rẹ̀ ni èyí: òkò tí ó ń sọ yìí, ta ni ó ń bà?

AGBÁRA OWÓ ONÍBÀÁRÀ

Ọlọ́jà tí ó bá ń ta ọjà rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni. Ọjọ́ tí ó bá dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú, tí ó gbè sẹ́yìn ẹnì kan lòdì sí ẹnì kejì, ọjọ́ náà ni oníbàárà rẹ̀ yóò rántí pé ẹsẹ̀ òun ni ó gbé òun wá, ẹsẹ̀ kan náà sì lè gbé òun lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí kì í ṣe ọ̀ràn tuntun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí òfin tí ó fi ipá mú ènìyàn ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí.

Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti lo agbára yìí rí. Ní ọdún 1976, ẹ̀ka Barclays tí ó wà ní South Africa yá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ lówó tí ìjọba náà fẹ́ fi gbọ́ bùkátà àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1978, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba kó owó wọn kúrò ní Barclays ti Nàìjíríà. Ní ọdún 1979, báńkì náà di Union Bank. Ọdún 1979 kan náà ni ìjọba gba ilé-iṣẹ́ epo BP tí ó wà ní Nàìjíríà nítorí ọ̀ràn epo tí ń lọ sí South Africa, ó sì di African Petroleum. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi kọ̀ láti fi owó wọn pamọ́ sí Barclays, títí báńkì náà fi kó kúrò ní South Africa ní oṣù kọkànlá ọdún 1986.

Bí ọ̀ràn náà ti lọ yẹ ní àkíyèsí. Ohun tí báńkì náà ṣe hàn gbangba, kì í ṣe àhesọ. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ó ṣe hàn gbangba pẹ̀lú: kí ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́yìn aninilára. Ọ̀nà tí wọ́n gbà bá a jà ni kíkó owó kúrò, kì í ṣe iná, kì í ṣe kùmọ̀. Nígbà tí ó sì ṣe ohun tí wọ́n ń fẹ́, ìjà parí.

ORÚKỌ KAN NÁÀ, ỌLỌ́JÀ Ọ̀TỌ̀Ọ̀TỌ̀

Ọ̀ràn McDonald's jọ ti Barclays ní apá kan, ó sì yàtọ̀ ní apá kejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn tí wọ́n gba orúkọ McDonald's lò ní Ísírẹ́lì kéde pé àwọn ń fún àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkéde náà kò fara sin, ìbínú àwọn Mùsùlùmí sí i sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ọ̀tọ̀ ni àwọn tí wọ́n ń lo orúkọ kan náà ní Saudi Arabia, Kuwait, Jọ́dánì àti Íjíbítì. Wọ́n yára kéde pé àwọn kò lọ́wọ́ sí i, àwọn kan nínú wọn sì fi owó ṣe ìrànwọ́ fún àwọn ará Gásà. Síbẹ̀ ìbínú náà kàn wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọ̀gá àgbà McDonald's ní gbogbo àgbáyé jẹ́wọ́ pé ogun náà ti pa ọjà àwọn lára. Ní oṣù kẹrin, ilé-iṣẹ́ náà kéde pé òun yóò gba ilé oúnjẹ 225 tí ó wà ní Ísírẹ́lì padà sí ọwọ́ ara òun. Kíkẹ̀yìn sí ọjà ní agbára, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí agbára náà rí ibi tí ó ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán pẹ̀lú máa ń bí oníbàárà nínú. Ní àkókò Àjíǹde ọdún 2022, Sterling Bank gbé ìpolówó kan jáde tí ó fi àjíǹde tí àwọn Kristẹni gbà gbọ́ wé bí búrẹ́dì Agége ṣe ń wú. Àwọn Kristẹni bínú, àjọ CAN bu ẹnu àtẹ́ lù ú, báńkì náà sì tọrọ àforíjì. Mùsùlùmí kò gbà pé wọ́n pa Ànábì Ísá, ká má tíì wá sọ pé ó jí dìde nínú òkú. Síbẹ̀, kò yẹ kí inú Mùsùlùmí dùn nígbà tí wọ́n bá fi ìgbàgbọ́ ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀ nítorí àtita ọjà. Súrà kẹfà, áyà 108, kọ̀ fún onígbàgbọ́ òdodo láti bú ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń sìn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n fi Ànábì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí ó má rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá fi ti ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

ẸNI TÍ KÒ MỌWỌ́ MẸSẸ̀

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn jàǹdùkú kọlu àwọn àjèjì ní Johannesburg, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì kó ẹrù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí ọ̀ràn náà kàn. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, àwọn ènìyàn ya lọ sí àwọn ilé-ìtajà Shoprite ní Èkó, àwọn mìíràn sì kọlu ilé-iṣẹ́ MTN ní Èkó, Ìbàdàn àti Úyò, títí MTN fi ti àwọn ilé-ìtajà rẹ̀ pa fún ìgbà díẹ̀. Kí ni Shoprite sọ? Kí ni MTN ṣe? Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó rán àwọn jàǹdùkú náà níṣẹ́. Orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti wá nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Àwọn tí wọ́n ń dúró ti ọjà nínú ilé-ìtajà náà, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Láti oṣù karùn-ún ọdún náà sì ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti lè ra ìpín nínú MTN ti Nàìjíríà ní ọjà ìpín-ìdókòwò. Àwọn tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sì gbé ẹrù lọ sílé kò jà fún ẹnikẹ́ni; olè ni wọ́n jà. Ní ọdún 2021, àwọn ará South Africa ta Shoprite ti Nàìjíríà fún àwọn olùdókòwò ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ń fi orúkọ ara ògiri nìkan ṣe ìdájọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò sọ òkò sí ilé bàbá ara rẹ̀.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, ìwé ìròyìn Jyllands-Posten ní Dẹ́ńmáàkì tẹ àwòrán yẹ̀yẹ́ jáde nípa Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, àwọn oníbàárà ní Saudi Arabia àti àwọn ilẹ̀ tí ó yí i ká ti kẹ̀yìn sí ọjà Arla, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ onímàlúù tí ó ni wàrà Dano tí gbogbo ilé mọ̀ ní Nàìjíríà. Arla kò ya àwòrán, kò sì tẹ ìwé ìròyìn. Nígbà tí ó sì kéde pé òun kò fara mọ́ àwòrán náà, àwọn kan ní ìlú rẹ̀ bínú sí i. Ìfẹ́ Ànábì tí ó wà lọ́kàn àwọn oníbàárà wọ̀nyí, ìfẹ́ tòótọ́ ni. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fi í hàn ni ó kọjá lórí ẹni tí kò ṣẹ̀.

TA NI YÓÒ SAN ÁN?

Kíkẹ̀yìn tí kò ní ìwà ipá nínú náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ará Mòrókò bẹ̀rẹ̀ sí kọ epo Afriquia, omi Sidi Ali àti wàrà Centrale Danone nítorí ọ̀wọ́n gógó. Ohun tí ó tún dá kún ìbínú wọn ni pé Aziz Akhannouch, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni Afriquia, jẹ́ mínísítà nínú ìjọba. Wọn kò fọ́ ìgò, wọn kò jó ọkọ̀. Ọjà wàrà wá wọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Danone fi gbà láti dín owó rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, ilé-iṣẹ́ náà ti dín wàrà tí ó ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kù ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ti dá òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ 886 dúró. Akhannouch ńkọ́? Ní ọdún 2021, ó di olórí ìjọba Mòrókò. Bákan náà, ní oṣù kẹta ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Alshaya ti Kuwait, tí ó ń tọ́jú àwọn ilé kọfí Starbucks ní ilẹ̀ Lárúbáwá, dá òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 2,000 dúró nígbà tí oníbàárà kò wá mọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí oníbàárà máa ra ohun tí kò wù ú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò san owó rẹ̀, kí ó sì gbèrò bí yóò ti ràn án lọ́wọ́.

Ará Ìwòyè-Kétu kò nílò láti dé Mòrókò kí ó tó mọ èyí. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 pín ilẹ̀ Kétu sí méjì. Ààfin Alákétu bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, tí ó di Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ìwòyè bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹbí kò pín. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ibodè orí ilẹ̀ pa nítorí àwọn tí ń kó ìrẹsì wọlé lọ́nà àìtọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n tún fi òfin de gbígbé epo lọ sí ilé-epo tí kò tó ogún kìlómítà sí ibodè. Nígbà tí wọ́n kéde ṣíṣí ibodè ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejìlá ọdún 2020, mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí: Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfun. Kò sí ti Ìwòyè níbẹ̀. Olówó tí ó ń fi ọkọ̀ ńlá kó ìrẹsì lè dúró de ọjọ́ mìíràn. Àgbẹ̀ tí ó fẹ́ ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fún ìbátan rẹ̀ ní òdìkejì, àti ìyá tí ó ń fi èrè ọjọ́ kan jẹun ọjọ́ kan, kò lè dúró. Ìlú tí ó ti tọ́ èyí wò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí wọ́n bá na ẹni tí ó ṣẹ̀ tí pàṣán fi ba ẹni tí kò ṣẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Mùsùlùmí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀ràn yìí. Bí ọdún mẹ́ta ni àwọn Kùráyṣì fi kẹ̀yìn sí ìdílé Hāshim ní Mẹ́kà. Wọ́n kọ ìwé pé kí ẹnikẹ́ni má rà lọ́wọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má tà fún wọn, títí àwọn tí wọ́n há mọ́ àfonífojì fi jẹ ewé igi. Àwọn tí wọ́n dìde láti fòpin sí ìwé náà wá láti àárín àwọn Kùráyṣì fúnra wọn. Mutʿim ọmọ ʿAdī, ọ̀kan nínú wọn, kò gba Ìsìláàmù títí ó fi kú. Ìdájọ́ òdodo lè ti ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí wá. Ìtìjú ni kí ó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ Mùsùlùmí.

Lẹ́yìn náà ni ìtàn Thumāmah ọmọ Uthāl, olórí kan ní Yamāmah. Nígbà tí ó gba Ìsìláàmù, ó sọ fún àwọn Kùráyṣì pé èso àlìkámà kan kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́ láti Yamāmah àfi bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bá yọ̀ǹda. Ebi pa Mẹ́kà. Àwọn tí wọ́n fi ebi pa Ànábì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lánàá ni ebi ń pa wàyí. Wọ́n kọ ìwé sí i, wọ́n fi okùn ẹbí bẹ̀ ẹ́. Kí ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣe? Ó ránṣẹ́ sí Thumāmah pé kí ó jẹ́ kí oúnjẹ náà kọjá. Ohun ìjà wà lọ́wọ́, ọ̀tá ti rọ̀, àánú sì borí. Ìgbà tí Ànábì yìí kan náà sì fi ayé sílẹ̀, ẹ̀wù irin rẹ̀ wà ní ọwọ́ Yẹhúdì kan gẹ́gẹ́ bí ìdógò nítorí ọkà báálì. Kò kẹ̀yìn sí oníṣòwò nítorí pé ẹ̀sìn wọn kò pọ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́rin ni ó yẹ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí dáhùn kí ó tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ èyíkéyìí ránṣẹ́.

Èkínní, kí ni ọlọ́jà náà ṣe, ta sì ni ó rí i? Súrà 49, áyà 6, pa á láṣẹ pé kí wọ́n wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣe é gbáralé bá mú wá, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀kan ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá tí àbámọ̀ yóò fi tẹ̀lé e. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Èkejì, ṣé ẹni tí ó ṣẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà yóò kàn? Súrà kẹfà, áyà 164, fi yéni pé ẹ̀mí kan kì í ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀mí mìíràn.

Ẹ̀kẹta, ṣé ìnilára ni, àbí ìyàtọ̀ èrò lásán? Ẹni tí ó fi owó ọjà ran apànìyàn lọ́wọ́ àti ẹni tí ó lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Nígbàkigbà tí ìdìbò bá súnmọ́, àwọn kan yóò dìde pé kí ẹnikẹ́ni má rà lọ́wọ́ lágbájá nítorí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tàbí nítorí ẹ̀yà rẹ̀. Súrà karùn-ún, áyà kẹjọ, kìlọ̀ pé kí ìkórìíra sí ìjọ kan má sún onígbàgbọ́ dé ibi tí kò ti ní ṣe déédéé.

Ẹ̀kẹrin, kí ni wọ́n ń fẹ́ kí ọlọ́jà náà ṣe, ìgbà wo sì ni ọ̀ràn náà yóò parí? Ìjà tí kò ní ìparí, ìkórìíra ni.

Ohun kan tún kù tí ó wúwo ju gbogbo rẹ̀ lọ. Àwọn kan ń sọ pé ẹni tí ó bá mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò báyìí ti jẹ hárámù. Ẹni tí ó bá yàn láti má mu ún nítorí àánú àwọn tí wọ́n ń ni lára, ẹ̀san rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́hun kò ṣe ní hárámù, kò sí ọ̀dọ́ tí fóònù rẹ̀ lè sọ ọ́ di hárámù. Súrà 16, áyà 116, le púpọ̀ sí àwọn tí ń fi ahọ́n wọn sọ pé èyí jẹ́ ẹ̀tọ́, èyí jẹ́ èèwọ̀, láìní ẹ̀rí. Ìyá opó tí ó gba páálí mẹ́ta láwìn láti tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kì í ṣe ọ̀tá Gásà. Ẹni tí ó bá pè é bẹ́ẹ̀ ní gbangba ti jẹ ẹ́ ní gbèsè tí yóò san ní Ọjọ́ Ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ tún kan àwọn ọlọ́jà tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí. Kí wọ́n má fi ṣọ́ọ̀bù ṣe ilé ìpolongo, nítorí oníbàárà tí ó wá ra iyọ̀ kò wá gbọ́ ìwàásù olóṣèlú. Ẹni tí ó bá sì ń pariwo pé kí wọ́n má ra ti ẹnì kejì nítorí kí wọ́n lè ra tirẹ̀, oníṣòwò ni. Kí ó má fi orúkọ ẹ̀sìn bo èrè mọ́lẹ̀.

Nígbà tí omi kànga Rūmah wọ́n fún àwọn Mùsùlùmí ní Mẹ̀dínà, Uthmān ọmọ ʿAffān kò jó kànga náà, kò sì bú ẹni tí ó ni ín. Owó ni ó kó sílẹ̀, ó rà á, ó sì fi ṣe sàárà fún gbogbo ènìyàn. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ojú àwọn ọ̀dọ́ wà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí ọ̀dọ́ ogún ní mọ́sálásí kan bá kó owó tí wọn kò fi ra ẹlẹ́rìndòdò jọ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè fi apá kan ránṣẹ́ sí àwọn tí ogun lé kúrò nílé láti ọwọ́ ẹni tí ó ṣeé gbáralé, kí wọ́n sì fi apá kejì bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí yóò máa ṣe zóbò, kunú tàbí wàrà màlúù tí ó mọ́ tónítóní. Nígbà náà, ìyá tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yóò rí nǹkan mìíràn tà, kò sì sí ẹni tí yóò nílò láti fi ohùn líle lé e kúrò nídìí èyí tí ó ń tà tẹ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi àánú bo àwọn tí wọ́n ń ni lára ní Gásà àti níbi gbogbo. Kí Ó fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní ìbínú tí ó ní ìmọ̀, àti agbára tí ó ní ìdájọ́ òdodo nínú. Àmín.